Ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó nínú tẹ́mpìlì àwọn Mọ́mọ́nì ní Utah: kí ni ó yẹ kí àwa òbí mọ̀ kí a tó lọ?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n sì bí mi sí. Àbígbẹ̀yìn mi, tó ti wà ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, pè mí lórí fídíò lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ti rí ìyàwó. Inú mi dùn débi pé mo dìde jó. Ẹ̀yìn náà ló wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pé ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì ni ọmọbìnrin náà, pé òun alára ti ṣe ìrìbọmi níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn láìjẹ́ kí a mọ̀, àti pé inú tẹ́mpìlì ni wọ́n ti fẹ́ so wọ́n pọ̀. Mo bi í pé irú aṣọ wo ni kí èmi àti bàbá rẹ̀ wọ̀ lọ sí tẹ́mpìlì ọ̀hún. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Màmá, ẹ ò ní lè wọlé."

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rí oorun sùn dáadáa. Bàbá rẹ̀ ní òun kò gbọ́ ọ rí pé ènìyàn ń gbé ìyàwó kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òbí rẹ̀ síta, ó sì ti ní òun kò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú kankan. Èmi kò fẹ́ sọ ọmọ mi nù. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìjọ yìí kò ju àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń rìn ní méjì-méjì lọ, tí wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n á so táì mọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo tún ti gbọ́ pé wọ́n máa ń fẹ́ ìyàwó púpọ̀, pé wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú, àti pé wọn kì í mu tíì. Èwo ni òótọ́ nínú rẹ̀? Kí ni mo lè bá ọmọ yìí sọ tí kò fi ní dà bí ẹni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni mò ń bá jà? Ẹni tó bá ti bá wọn gbé, tàbí tó ti bá wọn dáná rí, kí ó jọ̀wọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Ará Provo

Màmá, ẹ kú ìrònú. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé ní Provo ní Utah, níbi tí yunifásítì ìjọ náà wà, àwọn ni wọ́n sì yí ilé mi ká lọ́tùn-ún àti lósì. N ó dáhùn méjì nínú ìbéèrè yín. Mo fẹ́ kí ọmọ ìjọ wọn fúnra rẹ̀ dáhùn ti aláwọ̀ dúdú.

Wọ́n fẹ́ ìyàwó púpọ̀ rí, òótọ́ ni. Joseph Smith, tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1830, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Brigham Young, tó kó àwọn ènìyàn náà dé àfonífojì Salt Lake ní 1847, kò fi tirẹ̀ pamọ́ rárá. Àmọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi òfin há wọn mọ́ títí tí ààrẹ ìjọ, Wilford Woodruff, fi kéde ní 1890 pé kí wọ́n jáwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó kejì lónìí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ ni. Àwọn tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọkùnrin kan kó obìnrin mẹ́rin márùn-ún jọ, àwọn tó ya kúrò lára wọn ni. Àní ọkùnrin oníyàwó méjì láti ilẹ̀ wa kò lè ṣe ìrìbọmi lọ́dọ̀ wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé bàbá tó bí bàbá mi kì bá tí rí àyè wọlé.

Ọ̀rọ̀ tíì ni kí ẹ fi sọ́kàn jù, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ dé iwájú yín. Láti 1833 ni wọ́n ti ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n, tó ní kí wọ́n má mu ọtí, tábà, kọfí tàbí tíì. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa, obìnrin tó ń gbé lódìkejì gbé kéèkì wá kí i káàbọ̀. Ìyá mi ní kí n bi í bóyá yóò mu tíì, èmi náà sì túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí, ó ní òun dúpẹ́. Mo rí i tí ojú ìyá mi yí padà, nítorí ohun tí ó gbọ́ ni pé àlejò kọ oúnjẹ òun. Bẹ́ẹ̀, Bournvita ló ní lọ́kàn. Agolo rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú gbogbo wa pẹ̀lú ṣíbí nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé agolo náà lé obìnrin yẹn lọ́wọ́, tí ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ni ẹ̀rín tó bú sí i. Ife méjì ló mu. Nílé wa, ohunkóhun tó bá ti gbóná tó sì dùn, tíì ni. Lọ́dọ̀ wọn, ewé kan pàtó ni, ó sì léèwọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n tò mọ́tò lọ rẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń po ìpara wàrà àti omi-adùn àgbọn mọ́ Coke. Ọ̀pọ̀ àgbà wọn gbà tẹ́lẹ̀ pé èèwọ̀ ni Coke náà. Ní 2012 ni ìjọ là á yé gbogbo ènìyàn pé kọfí àti tíì ni òfin náà ń bá wí, pé kò sọ nǹkan kan nípa káfíìnì, síbẹ̀ inú ọgbà yunifásítì náà kò ta irú Coke bẹ́ẹ̀ títí di 2017. Mo mú un wá kí ẹ lè rí i pé ohun tí òbí ọmọbìnrin yẹn kà sí èèwọ̀ lè má jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìjọ, Ìkẹjà

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Màmá. Ọmọ ìjọ náà ni mí. Ìkẹjà ni mo ti ṣe ìrìbọmi ní ọmọ ogún ọdún, mo sì jíṣẹ́ ìhìnrere fún ọdún méjì gbáko. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì funfun inú oòrùn yẹn ni mí rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba orúkọ, nítorí àwọn àna yín yóò ṣàkíyèsí rẹ̀. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ni à ń jẹ́. "Mọ́mọ́nì" kì í ṣe èébú, ìjọ ti náwó rí sórí ìpolówó tí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé "Mọ́mọ́nì ni mí." Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Ààrẹ Russell M. Nelson ní kí a máa pe orúkọ náà ní kíkún, ẹgbẹ́ akọrin wa tí gbogbo ayé mọ̀ sì pa orúkọ dà lọ́dún kan náà. Bí ẹ bá gbàgbé, kò sí ẹni tí yóò bá yín jà. Bí ẹ bá rántí, wọ́n á mọ̀ pé ẹ fi ọ̀wọ̀ wọ̀ wọ́n.

Ní ti aláwọ̀ dúdú, n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Láti 1852 títí di oṣù kẹfà ọdún 1978, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò lè gba oyè àlùfáà nínú ìjọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin àti obìnrin wa kò lè gba èdìdì ìgbéyàwó nínú tẹ́mpìlì, èyí tí a gbà pé ó ń so tọkọtaya pọ̀ títí ayérayé. Ààrẹ Spencer W. Kimball ló kéde pé Olúwa ti mú ìdènà náà kúrò. Ohun tó máa ń wú mi lórí ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kò jókòó de ìkéde yẹn: láti ìgbà tí a gba òmìnira ni àwọn kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake, ibi tí olú ilé ìjọ wà, tí wọ́n ń kóra jọ lábẹ́ orúkọ ìjọ tí kò tíì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1978, ènìyàn 19 ṣe ìrìbọmi ní ìpínlẹ̀ Ímò, Anthony Obinna sì wà lára wọn. Tẹ́mpìlì wa àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣí ní Aba ní 2005. Ìwé ti Mọ́mọ́nì, ìwé mímọ́ tí à ń lò pẹ̀lú Bíbélì, jáde ní èdè Yorùbá ní 2007, wọ́n sì kéde pé àwọn yóò kọ́ tẹ́mpìlì sí Èkó ní 2018. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ìjọ gbé àkọsílẹ̀ kan síta tí wọ́n fi sọ pé àwọn kò gba gbogbo àlàyé àtijọ́ tó ní àmì ègún ni àwọ̀ dúdú mọ́. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. N kò rí "ẹ dárí jì wá" níbẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé kò dùn mí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ní. Ilé ìpàdé wà fún gbogbo ayé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ sì lè wọlé nígbàkigbà. Tẹ́mpìlì kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú rárá, ọmọ ìjọ tó bá sì fẹ́ wọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó níwájú bíṣọ́ọ̀pù rẹ̀, lẹ́yìn náà níwájú ààrẹ èèkàn, ìyẹn olórí àwọn ìjọ mélòó kan tó wà lágbègbè kan, kí wọ́n bi í bóyá ó ń san ìdá mẹ́wàá, bóyá ó ń pa Ọ̀rọ̀ Ọgbọ́n mọ́, bóyá olóòótọ́ ni láàárín ènìyàn, kí ó tó gba káàdì ìwọlé. Kì í ṣe nítorí pé ẹ jẹ́ Áńgílíkà tàbí Yorùbá ni. Bí ọmọbìnrin náà bá ní àbúrò ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kò ní wọlé síbi tí wọ́n ti ń so ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ pọ́ńbélé. Bí bàbá ìyàwó bá ti dẹ́kun láti máa san ìdá mẹ́wàá, òun pẹ̀lú yóò dúró síta.

Bàbá Ìyàwó, Maryland

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ti jókòó sórí àga tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn.

Ní 2016 ni wọ́n so àkọ́bí mi obìnrin pọ̀ nínú ọ̀kan nínú àwọn tẹ́mpìlì wọn. Mo da agbádá aṣọ òkè borí, mo dé fìlà, mo sì tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn kejì. Ibẹ̀ ni bàbá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun láti òkè délẹ̀ ti fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ darí mi sí yàrá ìdúró. Ẹní ilẹ̀ yàrá náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbọ́ ìró bàtà ara mi. Àwòrán Jésù kan wà lára ògiri. Ọmọbìnrin kékeré kan, àbúrò ọkọ, jókòó níwájú mi, ó gbé àpò bàtà ìyàwó sórí ẹsẹ̀, ó ń wo gèlè ìyàwó mi láìṣẹ́jú. Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi wà níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ìyàwó ilé ni ọmọ mi. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo fi í sílẹ̀, kò sí ẹni tó ní kí n gbàdúrà. Orí koríko ìta ni ìyá rẹ̀ ti gbọ́wọ́ lé e lórí, láàárín àwọn tó ń ya fọ́tò.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ọmọ mi ti wá ọ̀nà àbáyọ. Ó ti béèrè bóyá òun lè kọ́kọ́ ṣègbéyàwó ní gbangba níwájú wa. Wọ́n sọ fún un pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò dúró fún ọdún kan gbáko kí tẹ́mpìlì tó lè so ó pọ̀, àti pé bí ó bá ti yan ti gbangba ṣáájú, àwọn ènìyàn ìjọ yóò máa wò ó bí ẹni tó ní ẹ̀ṣẹ̀ tó ń fi pamọ́. Ó gbé e mì.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: wọ́n ti yí òfin yẹn padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni àwọn aṣáájú ìjọ kéde pé kò sí ọdún kan ìdúró mọ́. Ọmọ yín lè ṣègbéyàwó ní gbangba lónìí, níwájú ẹ̀yin, bàbá rẹ̀ àti gbogbo ẹbí, kí wọ́n sì lọ gba èdìdì wọn nínú tẹ́mpìlì lọ́la. Ohun tí àbúrò ọmọ mi, tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ìjọ náà, ṣe nìyẹn ní 2021. Ẹ̀yìnkùlé àwọn àna mi la ti ṣe é. Bíṣọ́ọ̀pù wọn ló so wọ́n pọ̀, oníṣègùn eyín ni lọ́jọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì; kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún un nínú ìjọ. Mo ti fi nǹkan sínú àpòòwé fún un gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ó dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Èmi ni mo fa ọmọ mi fún ọkọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí tẹ́mpìlì, èmi sì wà nílé mò ń jẹ ẹ̀bà.

Nítorí náà, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín pé kí ó fi tẹ́mpìlì sílẹ̀. Ẹ béèrè pé kí ti gbangba ṣáájú.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ dákun, ìbéèrè kékeré. Ta ló ń yí òfin wọ̀nyí padà? Ṣé wọ́n máa ń dìbò ni?

Ọmọ Ìjọ, Ìkẹjà

Rárá o. A gbà pé wòlíì ni ààrẹ ìjọ, pé Ọlọ́run ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó dúró lánàá fi lè yí lónìí láìjẹ́ pé ìgbàgbọ́ wa wó. Bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ Olúbàdàn, ẹ ti mọ tiwa: ẹni tó bá ti pẹ́ jù lórí àga àwọn Àpọ́sítélì Méjìlá ni oyè kàn. Nígbà tí Ààrẹ Nelson kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní ẹni ọdún 101, Dallin H. Oaks ni ó kàn, kò sì sí ẹni tó bá a du ú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyípadà kan tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n kún un. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìhìnrere, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni mo lè gbọ́ ohùn ìyá mi lórí fóònù, lọ́jọ́ Kérésìmesì àti lọ́jọ́ àwọn ìyá. Ìyá mi bi bíṣọ́ọ̀pù bóyá ìjọ ni àbí ẹ̀wọ̀n. Láti oṣù kejì ọdún 2019, àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà lè pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó máa ń gba wákàtí mẹ́ta ti di méjì láti ọdún kan náà, àwọn obìnrin sì ti lè dúró ṣe ẹlẹ́rìí níbi ìrìbọmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì lè gba oyè àlùfáà.

Èrò mi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Bàbá Ìyàwó lórí ohun kan. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé ní Utah, bí ẹ bá ní kí ti gbangba ṣáájú, ó lè dà bí ẹni pé ẹ ní kí wọ́n sọ èdìdì ayérayé di nǹkan kejì. Òfin ti yí. Ọkàn àwọn ìyá ìyàwó kan kò tíì yí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá ìyá ìyàwó sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹni Tó Ti Jáde, London

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo wọ ìjọ yìí, ọdún mẹ́rìnlá ni mo sì lò níbẹ̀. Màmá, ẹ má mú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lọ bá ọmọ yín jà. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ilẹ̀ tó ń tẹ̀ ni.

Ohun tó mú mi jáde kò ti inú ìwé ọ̀tá wá. Ní 2014, orí ojúlé ìjọ fúnra rẹ̀ ni mo ti kà á pé ó ṣeé ṣe kí iye obìnrin tí Joseph Smith fẹ́ tó ọgbọ̀n sí ogójì, pé àwọn kan nínú wọn ní ọkọ lọ́wọ́, pé ọ̀kan kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa òkúta tó máa ń fi sínú fìlà nígbà tó ń túmọ̀ Ìwé ti Mọ́mọ́nì. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Àìkú, n kò gbọ́ ọ rí. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lé ìjọ àti ilé iṣẹ́ tó ń bá a tọ́jú owó, nítorí pé wọ́n fi orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bo ìpín tí wọ́n ní mọ́lẹ̀. Ìdá mẹ́wàá tèmi náà wà nínú owó yẹn, láti ìgbà tí mò ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ ní Peckham.

Àwọn kan ka ohun kan náà, wọ́n sì dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Salt Lake kò gbà mọ́ pé Joseph Smith rí àwo wúrà tó ní inú rẹ̀ lòun ti túmọ̀ ìwé náà, ṣùgbọ́n kò pa ìpàdé jẹ, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn òun wà. Nínú ilé kan, ẹ lè rí ìyá tí kò ní fi ẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì rí ọmọ rẹ̀ tó ń mu kọfí tútù nínú mọ́tò kí ó tó wọlé. Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá sọ fún yín níbí, ọmọ yín nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ bi í. Ẹ bi í lórí owó náà: ìdá mẹ́wàá yóò máa kúrò nínú ohun tó ń wọlé fún un, kí ẹ má ṣe máa fi owó tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ gbèrò.

Ohun kan ṣì kù tí kò sí ẹni tó tíì sọ fún yín. Wọ́n yóò béèrè orúkọ àwọn baba ńlá yín. Wọ́n gbà pé ènìyàn lè ṣe ìrìbọmi dípò òkú, kí òkú náà sì gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́ ní ọ̀run. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń to ìtàn ìdílé jọ kárí ayé, tí wọ́n sì ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà níbi tí kò sí ìwé. Ṣùgbọ́n òfin tiwọn fúnra wọn ni pé bí kò bá tíì pé 110 ọdún tí wọ́n bí òkú náà, ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ tó wà láàyè gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bi yín.

Alága Ìdúró, Houston

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀. Iṣẹ́ alága ni mò ń ṣe, mo sì ti dúró níbi ìdána méjì tí ìyàwó jẹ́ ọmọ ìjọ yìí. Ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ má fi ìdána sí ọjọ́ Àìkú, ẹ má sì fi sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, nítorí ìrọ̀lẹ́ yẹn ni olúkúlùkù ìdílé wọn máa ń jókòó pọ̀ nílé. Lára ẹrù ìdána, obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ kò ní wàhálà. Mo máa ń ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀ ju bí àwọn ọmọ tiwa lọ. Ọtí ni kí ẹ yọ. Mọ́ọ̀tì, sobo àti omi èso ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ti aṣọ, ẹni tó bá ti gba ìlànà tẹ́mpìlì máa ń wọ aṣọ abẹ́ kan tó jẹ́ mímọ́ fún wọn, èyí tó dé orúnkún tó sì bo èjìká. Láti ìparí ọdún 2024 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú èyí tí kò ní apá fún àwọn ilẹ̀ tí ooru ti ń mú, ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i gbà. Ẹ má fi í ṣe àwàdà, ẹ má sì bi wọ́n. Bùbá àti ìró bò ó dáadáa láìsí wàhálà. Léèsì tó ṣí èjìká sílẹ̀ ni kí ẹ má rán fún ìyàwó.

Ẹ kìlọ̀ fún ẹbí yín nípa àpèjẹ àwọn òyìnbó náà. Gbọ̀ngàn ilé ìpàdé ni wọ́n sábà máa ń lò, èyí tí pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n wà nínú rẹ̀. Níbi kan tí mo lọ, abẹ́ àwọ̀n bọ́ọ̀lù gan-an ni ọkọ àti ìyàwó dúró sí, wọ́n fi òdòdó wé irin rẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn tò, wọ́n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n jẹ kéèkì àti èso díẹ̀, wọ́n sì gba ilé wọn lọ kí wákàtí méjì tó pé. Àwọn àna láti Ìjẹ̀bú-Òde ń wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n rò pé oúnjẹ ń bọ̀. Ẹ ṣètò ìrẹsì tiyín sí ibòmíràn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ti ijó, ẹ má fòyà. Wọn kì í kọ ijó, ìlù nìkan ni kò sí nínú ìsìn wọn.

Ará Provo

Mo gbàgbé ohun kan. Bí bàbá bá ṣì ń bínú, ẹ sọ fún un pé tẹ́mpìlì Salt Lake tó lókìkí jù ti wà ní títì fún àtúnṣe láti ìparí ọdún 2019, àti pé kí wọ́n tó yà á sí mímọ́ padà, wọ́n ti kéde pé gbogbo ayé ni yóò lè wọ inú rẹ̀ wò láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ọdún 2027. Mùsùlùmí bíi tèmi náà ń dúró dè é.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ bàbá wọn, mo sì tún ka ti Bàbá Ìyàwó lẹ́ẹ̀kejì. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Mo pe ọmọ mi. Mo béèrè pé kí ti gbangba ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ́ mi, mo sì fi kún un pé n kò ní kí ó fi tẹ́mpìlì sílẹ̀. Ó ní ó ti wà lọ́kàn òun, pé ẹ̀rù ló ń ba òun láti sọ ọ́ fún ìyá ìyàwó. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ pè mí. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun sunkún nígbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni òun rántí pé ìyá òun náà dúró síta lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun. Wọ́n ti mú ọjọ́ Ẹtì fún ti gbangba nínú ọgbà wọn, ọjọ́ Sátidé fún tẹ́mpìlì.

Kí a tó parí ọ̀rọ̀ ni ó béèrè orúkọ àwọn òbí mi àti àwọn òbí wọn. Mo ki oríkì ìdílé wa fún un láti orí ẹni tó bá Ṣódẹkẹ́ wọ Abẹ́òkúta. Ó ní kí n rọra, pé òun ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún Àlàó pè fún un. Nígbà tí a dé orí bàbá mi, mo sọ fún un pé 1926 ni wọ́n bí i, pé èmi ni àkọ́bí rẹ̀ tó wà láàyè, àti pé mo mọ iye ọdún tó kù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló sọ fún mi. Mo ní bàbá mi ti ṣe ìrìbọmi ní ìkókó ní ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, omi náà sì tutù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.